Ìránnilétí Tó Bọ́ Sásìkò: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ohun Tí Ẹ Ti Pinnu Láti Ṣe

Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi wá lemọ́lemọ́: "Mo fi aláàmù sórí fóònù, ó dún, mo pa á, mi ò sì ṣe nǹkan ọ̀hún. Kí ló ń ṣe mí?" Kò sí ohun tó ń ṣe yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìránnilétí yẹn dé nígbà tí ọwọ́ yín dí, tàbí nígbà tí ẹ jìnnà sí ibi tí ẹ ti lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ní "màá ṣe é tó bá yá", ẹ pa á, ọkàn yín sì kúrò níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ dì mú látòkè délẹ̀: ìránnilétí gbọ́dọ̀ dé ní ìṣẹ́jú tí ẹ lè dìde ṣe nǹkan náà. Bó ṣe ń pariwo tó, áàpù tí ẹ fi ṣe é, gbogbo ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìpinnu tó wà nílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ìpinnu ni aláàmù bá mu. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ wo inú èyí tí tiyín bọ́ sí:

- Èyí tó ní aago tirẹ̀. Oògùn oníwákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, ìpàdé orí fóònù, ìkòkò tó wà lórí iná. Aláàmù tàbí Timer ló tọ́ sí i.
- Èyí tó so mọ́ ibì kan tàbí ẹnì kan. Ẹ fẹ́ dá ìwé padà nígbà tí ẹ bá kọjá níwájú ilé ìkàwé, tàbí ẹ fẹ́ bi ọ̀gá yín ní ìbéèrè nígbà tí ẹ bá rí wọn. Ẹ ò mọ aago tí yóò bọ́ sí, torí náà aláàmù ò lè ràn yín lọ́wọ́. Nǹkan tí ojú máa rí níbẹ̀ ni ẹ nílò.
- Èyí tó ní gbèdéke. Owó tí ẹ gbọ́dọ̀ san kí oṣù tó parí, ìwé ìrìnnà tó fẹ́ kú. Kàlẹ́ńdà ni, kì í ṣe aláàmù.
- Èyí tí ẹ fẹ́ kó mọ́ yín lára. Ìdárayá, ìwé kíkà, fífi òwú fọ àárín eyín. Èyí fẹ́ kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́.

Èyí tó ní aago tirẹ̀ ló yá gbàgbé jù bí kò bá sí ohun tó ń ránni létí. Ìdí rẹ̀ ni pé tí aago méjì bá lù, kò sí ohunkóhun tó yí padà níwájú yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pàdé ọ̀gá yín ní ẹnu ọ̀nà, ojú wọn fúnra rẹ̀ ti pe ìbéèrè yẹn wá sọ́kàn. Ẹ má fi ọpọlọ lásán dúró de aago.

## Ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ kọ ìpinnu náà bí ohun tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń ṣe. "Kí n máa tọ́jú ara mi" kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè dìde ṣe. "Kí n rìn fún ìṣẹ́jú 20" ṣeé ṣe. Bí ẹ ò bá lè fojú inú rí ara yín níbi tí ẹ ti ń ṣe é, ẹ tún un kọ.

2. Ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ náà gbà. Ìṣẹ́jú mélòó? Níbo? Kí ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́? Ta ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má fo èyí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i pé ìpè tí ẹ fẹ́ pe ń béèrè nọ́ńbà ìwé kan tó wà nílé, ẹ sì ti fi aláàmù rẹ̀ sí aago tí ẹ máa ń wà níbi iṣẹ́.

3. Ẹ wá àlàfo tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti pàdé. Ẹ wo ọjọ́ yín bó ṣe rí gan-an, kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Ìgbà wo ni ọwọ́ yín máa ń ṣófo, tí ẹ sì wà níbi tí iṣẹ́ náà wà?

4. Ẹ sọ ọ́ di gbólóhùn "bí… bá…, màá…". Àpẹẹrẹ: "Bí mo bá ti gbé ife tíì àárọ̀ kalẹ̀, màá lo oògùn." Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ló gbé irú ètò yìí kalẹ̀ fún aráyé. Nígbà tí òun àti onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Paschal Sheeran, kó àbájáde àyẹ̀wò 94 jọ ní 2006, ó hàn gbangba pé àwọn tó sọ ìgbà àti ibi tí wọ́n máa ṣe nǹkan ń ṣe é ju àwọn tó kàn ní ìpinnu lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, tàbí kí ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì.

5. Ẹ yan ohun tí yóò rán yín létí, gẹ́gẹ́ bí irú ìpinnu náà ṣe rí lókè.

6. Ẹ kó ohun èlò síbi tí ìránnilétí máa bá yín. Bí aláàmù ìdárayá bá dún, tí ẹ sì ń wá bàtà kiri, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn tó láti yí ọkàn padà.

7. Ẹ dán an wò lónìí. Ẹ fi ìránnilétí kan náà sí ìṣẹ́jú méjì sí ìsinsìnyí, ẹ pa iná ojú fóònù (ẹ má pa fóònù fúnra rẹ̀), ẹ gbé e síbi tó máa ń wà. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ẹ rí ohun tí ẹ kọ? Bí kò bá dún báyìí, kò ní dún lọ́la.

## Àsìkò: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn fi aláàmù sí aago tí nǹkan ń bẹ̀rẹ̀. Aago yẹn ti pẹ́ jù. Ẹ kà á sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ní ìpàdé wà ní aago 9:00 àárọ̀. Ìrìn gba ìṣẹ́jú 40, ẹ sì fẹ́ fi ìṣẹ́jú 10 sílẹ̀ fún ìdádúró. Aago 8:10 ni ẹ gbọ́dọ̀ jáde nílé. Ìwẹ̀ àti ìmúra gba ìṣẹ́jú 25, torí náà aago 7:45 ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Aláàmù méjì ni ẹ nílò: 7:45, "Lọ wẹ̀", àti 8:10, "Jáde nílé". Èyí tó bá dún ní 8:50 kì í ṣe ìránnilétí mọ́, ó kàn ń sọ fún yín pé ẹ ti pẹ́ ni.

Àṣìṣe kejì ni kí ó yá jù. Tí ẹ bá fi "Mú ìwé yẹn dání lọ́la" sí aago mẹ́ta ọ̀sán, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i nígbà yẹn àyàfi kí ẹ máa gbé e sọ́kàn kiri. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá ń to àpò, ni kó dún, kí ẹ sì ki ìwé náà sínú àpò lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ìlànà tó kù:

Ẹ gbé e sí ààlà iṣẹ́ méjì. Ìránnilétí tó dé láàárín iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ máa ń kú ni. Ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kọ̀ǹpútà: ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń ṣófo. Bí iṣẹ́ yín bá ń parí ní aago márùn-ún, 5:05 sàn ju 4:30 lọ fíìfíì.

Ẹ wo aago ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí ìránnilétí láti pe báńkì dún ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ fi sí wákàtí tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bí ẹni náà bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, aago tiwọn ni kí ẹ fi ṣírò.

Ohun tó ní gbèdéke fẹ́ ìránnilétí méjì, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ìparí. Ìwé ìrìnnà ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń béèrè pé kó ṣì ku oṣù 6 kí ìwé náà tó kú, torí náà ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ kì í ṣe gbèdéke yín gan-an. Ẹ fi ìránnilétí àkọ́kọ́ sí oṣù 12 ṣáájú, èkejì sí oṣù 9.

Ìdánwò ọ̀fẹ́ tí ẹ fẹ́ fagi lé (áàpù tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ lò lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó máa gba owó): ẹ má dúró di ọjọ́ tó parí. Apple, fún àpẹẹrẹ, ní kí èèyàn fagi lé e ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni kó dún. Kódà, bí áàpù náà bá gbà pé kí ẹ fagi lé e ní ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ sì máa lò ó lọ títí ìdánwò á fi parí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní nílò ìránnilétí kankan.

Oògùn: wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ túmọ̀ sí 6:00 àárọ̀, 2:00 ọ̀sán àti 10:00 alẹ́, tàbí aago mẹ́ta mìíràn tí wákàtí 8 wà láàárín wọn. "Lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́" lè má túmọ̀ sí ohun kan náà. Ẹ bi apoògùn kí ẹ tó fi aláàmù sí i. Èyí tí wọ́n ní kí ẹ lò pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ so ó mọ́ àwo oúnjẹ, kì í ṣe mọ́ aago, torí aago oúnjẹ ń yí.

## Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ sínú rẹ̀

Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń rán ẹlòmíràn níṣẹ́, torí pé ẹni tó máa kà á lọ́la kò ní rántí ohun tó wà lọ́kàn yín lónìí. Ẹ fi ohun tí ẹ máa ṣe bẹ̀rẹ̀, kó má ju bí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, nítorí ojú fóònù tó wà ní títì máa ń gé èyí tó gùn.

- Dípò "Dókítà": "Pe ilé ìwòsàn, gba ọjọ́ àyẹ̀wò ojú." Nọ́ńbà wọn wà lábẹ́ rẹ̀.
- Dípò "Owó iná": "San owó iná nísinsìnyí, ìṣẹ́jú 5 ni." Nọ́ńbà mítà wà lábẹ́ rẹ̀.
- Dípò "Má gbàgbé Màmá": "Pe Màmá, bi wọ́n bóyá orúnkún wọn ti fúyẹ́."
- Dípò "Ìdárayá": "Wọ bàtà, jáde sẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn. A ò kọ "rìn fún ìṣẹ́jú 20" síbẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni a kọ, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣòro.

Ìkìlọ̀: ẹ má kọ orúkọ oògùn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì tàbí ọ̀rọ̀ àṣírí sínú ìránnilétí tó máa hàn lójú fóònù. Ẹni tó bá jókòó tì yín á kà á. Ẹ kọ "Èyí àárọ̀", ó ti tó.

## Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò lórí fóònù

Bí ohun gbogbo bá tọ́ tí fóònù ò sì dún, òfo ni. Àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń fà á:

- Àárọ̀ àti alẹ́ tó pàrọ̀. Ẹ fẹ́ 7:00 AM, ẹ tẹ 7:00 PM. Ẹ yí fóònù sí aago oníwákàtí 24, ìṣòro yẹn á tán pátápátá.
- Ìdákẹ́jẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, aláàmù inú áàpù Clock ń dún bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti pa ohùn fóònù. Ìfitónilétí kàlẹ́ńdà àti ti áàpù ìránnilétí kì í sábà dún nígbà yẹn. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ pàdánù, Clock ni kó wà.
- Do Not Disturb, ètò tó ń pa ariwo fóònù lẹ́nu mọ́. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ rí i dájú pé àyè wà fún aláàmù láti kọjá.
- Ohùn aláàmù wà lọ́tọ̀. Lórí Android, ohùn orin lè lọ sókè kí ti aláàmù sì wà nílẹ̀ pátápátá. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń gbé ìkọ̀ọ̀kan sókè.
- Fífi bátìrì pamọ́. Àwọn fóònù Android kan máa ń pa áàpù tí ẹ ò lò fún ìgbà díẹ̀, ìránnilétí inú rẹ̀ á sì bá a kú. Ẹ wá áàpù náà nínú Settings, ẹ wo abala Battery rẹ̀, ẹ sì yan Unrestricted.
- Aago tí kàlẹ́ńdà yàn fúnra rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ní iye ìṣẹ́jú tó máa ń lò bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, ó sábà máa ń jẹ́ 30 lórí Google Calendar. Ìṣẹ́jú 30 kò tó fún ìrìn ìṣẹ́jú 40. Ẹ yí i fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan.
- Ọjọ́ àtúntò. Aláàmù tí ẹ ò yan ọjọ́ fún máa ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
- Fóònù tó kú. Ọ̀pọ̀ fóònù tí a ti pa kì í dún fún aláàmù. Ẹ ki í sínú ṣájà kí ẹ tó sùn.

Ìránnilétí tó ń tẹ̀ lé ibi tí ẹ wà dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e jù. Ó fẹ́ kí ẹ fún áàpù láyè láti mọ ibi tí ẹ wà nígbà gbogbo, ó sì lè dún lẹ́yìn tí ẹ ti kọjá ibẹ̀ bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ibi tí ẹ máa dúró fún ìgbà díẹ̀, bí ilé tàbí ibi iṣẹ́.

Bí ẹ bá rìnrìn àjò lọ síbi tí aago ti yàtọ̀, aláàmù fóònù á tẹ̀ lé aago ibẹ̀. Fún oògùn oníwákàtí, ẹ bi apoògùn kí ẹ tó gbéra bí ẹ ṣe máa yí i.

## Ìránnilétí tí kò nílò fóònù

Fún ohunkóhun tó so mọ́ ibì kan, a fara mọ́ ohun tí ojú ń rí ju ariwo lọ. Kì í kú, kì í fẹ́ ṣájà, ó sì ti wà níbi iṣẹ́ náà kí ẹ tó dé.

1. Ẹ gbé e dí ọ̀nà. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mú jáde, ẹ gbé e síwájú ìlẹ̀kùn débi pé ẹ ní láti sún un kí ẹ tó lè ṣílẹ̀kùn. Bó bá wà "nítòsí" ìlẹ̀kùn lásán, ẹ máa kọjá lára rẹ̀.
2. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ò lè fi sílẹ̀. Bí nǹkan kan bá wà nínú fíríìjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mú lọ, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lórí nínú fíríìjì níbẹ̀. Láìsí kọ́kọ́rọ́, ẹ ò ní lọ jìnnà.
3. Ẹ lo ohun tó ṣàjèjì síbẹ̀. Todd Rogers àti Katherine Milkman ṣèwádìí lórí èyí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Nínú ọ̀kan lára àwọn àyẹ̀wò wọn, wọ́n fún àwọn oníbàárà ilé kọfí ní ìwé ẹ̀dínwó tí wọ́n máa mú padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Wọ́n sọ fún àwọn kan ṣáájú pé àwọn máa rí ohun ìṣeré kan, ẹ̀dá inú òfuurufú, nídìí ibi ìsanwó, pé kí wọ́n fi rántí ìwé náà. Àwọn yẹn ló rántí jù. Ohun méjì ló mú kó ṣiṣẹ́: ohun náà kì í wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti so ó mọ́ iṣẹ́ náà nínú ọkàn wọn kó tó di pé wọ́n rí i. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ dorí ife kodò sórí tábìlì láti rántí nǹkan, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ara yín pé: "Bí mo bá rí ife yìí, màá fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́."
4. Àpótí oògùn oníyàrá 7. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù kì í ṣe ìránnilétí nìkan: yàrá tó ṣófo ń jẹ́rìí pé ẹ ti lò ó. Aláàmù kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ dígí máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti di ara dígí, ojú ò rí i mọ́. Ẹ yí àyè rẹ̀ tàbí àwọ̀ rẹ̀ padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí.

## Bí ẹ bá ń rán ẹlòmíràn létí

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Àgbàlagbà tí kì í yẹ fóònù wò, atẹ̀jíṣẹ́ ò wúlò fún wọn. Ẹ pè wọ́n. Ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè tó lè mú kí wọ́n dìde lójú ẹsẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé oògùn yẹn wà lọ́wọ́ yín báyìí? Mò ń dúró, ẹ lò ó ká jọ gbọ́" lágbára ju "Ẹ má gbàgbé oògùn yín o" lọ, nítorí ìpè ò parí kí iṣẹ́ tó parí.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń bẹ ẹnì kan pé kó rán yín létí, ẹ fún un ní aago àti gbólóhùn tó máa sọ. Nǹkan kan, lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ẹ bá di nǹkan mẹ́wàá rù máa gbàgbé gbogbo rẹ̀, inú á sì tún bí i.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ àti àtúnṣe rẹ̀

Ẹ ń pa á kí ẹ tó ṣe é. Èyí ló burú jù. Nígbà tí ẹ bá ti pa ìfitónilétí, kò sí ohun tó kù tó máa jẹ́rìí pé nǹkan kan wà nílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di òfin: iṣẹ́ kọ́kọ́, pípa lẹ́yìn. Bí ẹ ò bá lè ṣe é báyìí, ẹ má pa á, ẹ yí aago rẹ̀ sí ìgbà gidi kan tí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín máa dilẹ̀.

Ẹ ń tẹ Snooze, bọ́tìnnì tó ń sún aláàmù síwájú díẹ̀. Ìṣẹ́jú 9 ni Snooze iPhone máa ń fún yín bí ẹ ò bá yí i padà. Bí ìpàdé yín bá ku wákàtí kan kó parí, ìṣẹ́jú 9 kò já mọ́ nǹkan. Ó máa kàn dún títí ẹ ó fi kórìíra rẹ̀ ni. Ẹ sún un sí òpin ìpàdé.

Ó ti pọ̀ jù. Bí fóònù bá ń dún nígbà ogún lóòjọ́, ọwọ́ á máa pa á láìka ohun tó wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tí a máa ń dá lábàá: ohùn fún nǹkan mẹ́ta sí márùn-ún péré lóòjọ́. Ìyókù lè wà nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ ń wò lẹ́ẹ̀mejì, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ sì fún èyí tó ṣe pàtàkì jù ní ohùn tirẹ̀ tí nǹkan mìíràn kì í lò.

Ẹ ò rántí bóyá ẹ ti ṣe é. Ó wọ́pọ̀ lórí ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ fi àmì sí kàlẹ́ńdà ara ògiri tàbí kí ẹ dojú ìgò délẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó. Ìkìlọ̀ pàtàkì: bí kò bá dá yín lójú pé ẹ ti lo oògùn, tàbí ẹ ti fo ìgbà kan, ẹ má lo ìlọ́po méjì láti fi dí i. Ẹ ka ìwé inú páálí oògùn náà tàbí kí ẹ pe apoògùn. Oògùn kan sí èkejì ni ìdáhùn ti yàtọ̀.

Ó ti sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣòro àsìkò kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́rin:
- ẹ gé e kúrú, kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ má ju ìṣẹ́jú méjì lọ;
- ẹ wá ohun tó ń dí i lọ́wọ́ (ìwé tó sọnù, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín) kí ẹ sì kọ ìyẹn sí ipò rẹ̀;
- ẹ gbé e fún ẹlòmíràn;
- ẹ pa á rẹ́ láìbẹ̀rù. Ìpinnu tí ẹ ò fẹ́ mọ́ kò yẹ kó máa jí yín.

## Ìgbà tí ẹ lè yọ ọ́ kúrò

Fún ohun tí ẹ fẹ́ kó mọ́ yín lára, ẹ má yára yọ ìránnilétí. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96 tí wọ́n ń kọ́ ìwà tuntun. Ní agbedeméjì, ó gba ọjọ́ 66 kí nǹkan náà tó máa wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó lè gba ẹlòmíràn tó ọjọ́ 254. Ọjọ́ kan tí èèyàn fò kò ba ohun tó ti kọ́ jẹ́, torí náà bí ẹ bá fo àná, ẹ ṣe tòní.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ó ti tó: tí ẹ bá ti ń parí nǹkan náà kí aláàmù tó dún, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ pa á fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá fò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ dá a padà. Ti oògùn àti ti owó ní tiwọn, ẹ má yọ wọ́n rárá.

## Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀

Ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ fi ìránnilétí sí i, kí ẹ sì wo àwọn wọ̀nyí:

- Èwo ni mo pa láìṣe é? Aago wo ló yẹ kó wà?
- Èwo ni mo ti ṣe tán tó ṣì ń dún?
- Èwo ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yé mi mọ́ nígbà tí mo kà á?
- Kí ló ń bọ̀ ní ọjọ́ 14 tó wà níwájú tí mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀?
- Bébà wo ló ti wà lára ògiri débi pé ojú mi ò rí i mọ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìránnilétí tí ẹ pa láìṣe é ní ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ tún aago rẹ̀ ṣe kí ẹ tó fi tuntun kankan kún un.